Iṣẹ́ Oko Kò Parí Bí Ìbọ̀wọ́ Kò Bá Tíì Mọ́

Nínú gbogbo irinṣẹ́ tí àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ń gbé lọ sóko, ìbọ̀wọ́ nìkan ni kò ní olùtọ́jú. Àdá ń rí ẹni pọ́n ọn. Ọkọ́ ń rí ẹni fi ẹ̀rú tuntun sí i. Táǹkì tí a fi ń fín oògùn koríko náà ń rí ìtọ́jú: bí iṣẹ́ bá ti parí, a óò da omi sí i, a óò mì í dáadáa, a óò sì fín omi náà jáde, nítorí a mọ̀ pé bí oògùn bá gbẹ mọ́ imú rẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ mìíràn. Ìbọ̀wọ́ tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó fín oògùn náà ńkọ́? A óò bọ́ ọ, a óò jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ tàbí kí a so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó di ọjọ́ tí a bá tún padà sóko. Ohun tí mo rí nínú àṣà yìí ni pé ó ti sọ ohun tí a fi owó rà fún ààbò di ohun tí ń tọ́jú májèlé pamọ́ dè wá. Ìbọ̀wọ́ tí a kò fọ̀ kì í ṣe ààbò mọ́, ìgbà mìíràn sì wà tí ó burú ju ọwọ́ lásán lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, fífọ ìbọ̀wọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ilé tí a lè sún síwájú. Ara iṣẹ́ oko ni, ó sì yẹ kí a kà á mọ́ àsìkò iṣẹ́ àti owó iṣẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọwọ́ ń ṣe ní agbègbè yìí. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Láti Òkìtìpupa dé Ìkọ̀yà, láti Ìgbòtakò dé Òde-Ìrèlè, ọ̀pẹ ni ojú ń rí, ti ilé iṣẹ́ ńlá bíi Okitipupa Oil Palm àti ti àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ kò ju éékà díẹ̀ lọ. Ọ̀pẹ kì í fúnni ní ẹyìn lásán. Ẹ̀gún wà létí imọ̀ níbi tí ó ti so mọ́ igi, ẹ̀gún tún wà láàárín ìdì ẹyìn. Wọ́n gùn, wọ́n mú, wọ́n sì máa ń kán sínú ẹran ara. Akọpẹ gé ìdì ẹyìn lulẹ̀, ẹlòmíràn rù ú, àwọn obìnrin jókòó já ẹyìn kúrò lára rẹ̀: kò sí èyí tí ẹ̀gún kì í gún nínú wọn. Àwọn dókítà mọ̀ pé ẹ̀gún ọ̀pẹ tí ó bá kán sí oríkèé ìka lè mú kí oríkèé náà wú títí di ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n sì mọ̀ pé inú ilẹ̀ ni kòkòrò àrùn ipá, tí wọ́n ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì, ń gbé, ojú egbò kékeré tí ó jinlẹ̀ ni ó sì fẹ́ràn láti bá wọlé. Ọwọ́ yìí kan náà, tí ojú ẹ̀gún kún inú rẹ̀, ni yóò po oògùn koríko ní ọjọ́ kejì. Òun náà ni yóò bó ẹ̀gẹ́, tí yóò rẹ ẹ́ sómi, tí yóò fún omi rẹ̀ dànù, tí yóò sì mọ ọ́n róbótó kí ó tó gbé e sókè iná láti fi ṣe púpurú tí a ń jẹ. Ọ̀nà tí oògùn oko lè gbà dé ẹnu ọmọ kò gùn rárá.

Oògùn koríko di ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ nítorí pé alágbàṣe wọ́n, koríko kò sì mọ ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ta paraquat, ọ̀kan nínú wọn, ní gbangba lọ́jà gẹ́gẹ́ bí a ti ń ta iyọ̀. Àjọ NAFDAC, tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de kíkó o wọlé àti ṣíṣe é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n sì kéde pé ti atrazine, tí òun náà jẹ́ oògùn koríko, yóò dópin ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025. Ìdí tí paraquat fi lẹ́rù ni pé kò sí ẹ̀rọ̀ fún un. Ẹni tí ó bá wọ̀ lára, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni ó ń bà jẹ́. Awọ ara tí ó dá ṣáká kì í jẹ́ kí ó wọlé púpọ̀, ṣùgbọ́n awọ tí ó bó, tí ó ya, tàbí tí ẹ̀gún gún, ilẹ̀kùn ṣíṣí ni fún un. Àkọsílẹ̀ ìṣègùn wà nípa àwọn òṣìṣẹ́ tí ó kú látàrí èyí tí ó gba awọ ara wọn wọlé. Òfin yìí dára, mo sì yìn ín, ṣùgbọ́n kò mú ìbọ̀wọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Oògùn koríko glyphosate ṣì wà lórí àtẹ, oògùn kòkòrò wà lóríṣiríṣi, ẹni tí ó bá sì ní èyí tí ó kù nílé kì í sábà dà á nù nítorí ìkéde.

Ẹ̀rí kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ń fín oògùn mọ̀. Ní 1971, Howard Maibach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi parathion, oògùn kòkòrò kan, kan oríṣiríṣi ibi lára àwọn ènìyàn, ní ìwọ̀n tí ó kéré gan-an, wọ́n sì yẹ ìtọ̀ wọn wò láti mọ iye tí ó wọ inú ara. Èyí tí wọ́n fi sí apá, nǹkan bí 9 nínú 100 ni ó wọlé. Ti àtẹ́lẹwọ́ jẹ́ nǹkan bí 12, ti ẹ̀yìn ọwọ́ 21, ti iwájú orí 36, ti abíyá 64. Èyí tí wọ́n fi sí awọ ẹpọ̀n, gbogbo rẹ̀ ni ó wọlé tán. Ẹ fi òǹkà wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe ní ọ̀sán gangan. Òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ìbọ̀wọ́ nu iwájú orí: ó ti gbé oògùn kúrò ní ibi tí kì í ti í tètè wọlé lọ sí ibi tí ó ń gbà á ní ìlọ́po mẹ́ta ti àtẹ́lẹwọ́. Ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n, ó fi ọwọ́ kan fa ìbọ̀wọ́ tí ó tutù fún oògùn kúrò lára èkejì, ó sì fi ọwọ́ lásán náà tú ṣòkòtò. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọkùnrin yìí kò wọ ìbọ̀wọ́. Ó wọ̀ ọ́. Ìbọ̀wọ́ gan-an ni ó sì bá a gbé oògùn dé ibi tí ó léwu jù.

Èyí jẹ́ ti ìta ìbọ̀wọ́. Ti inú rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn máa ń dé inú ìbọ̀wọ́ ní ọ̀nà púpọ̀: ó ń ṣàn láti ọwọ́ tí a gbé sókè gba ọrùn ìbọ̀wọ́ wọlé, ó ń gba ojú ihò tí ẹ̀gún lu wọlé, tàbí kí ọwọ́ tí ó ti kan oògùn tún padà wọ inú rẹ̀. Bí ó bá ti wọlé, rọ́bà kò ní jẹ́ kí ó jáde. Ooru ọwọ́ àti òógùn yóò máa gbóná mọ́ ọn níbẹ̀ bí oru ṣe ń gbóná mọ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀ nínú ewé, awọ yóò rọ̀, yóò sì máa mu ohun tí ó bá kàn án. Ìwádìí tí Feldmann àti Maibach ṣe ní 1965 lórí hydrocortisone, tí í ṣe oògùn ìpara ara, fi hàn pé nígbà tí wọ́n fi ọ̀rá bo ojú awọ, èyí tí ó wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti ojú awọ tí a kò bò. Oògùn oko kì í ṣe hydrocortisone, gbogbo oògùn kò sì rí bákan náà, ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ kan ni: ohun tí a dé mọ́ awọ ara yóò wọlé ju ohun tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lọ. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìbọ̀wọ́ tí inú rẹ̀ ti dọ̀tí lè burú ju ọwọ́ lásán. Ọwọ́ lásán tí oògùn ta sí yóò rí omi láìpẹ́. Ọwọ́ tí ó wà nínú ìbọ̀wọ́ kò mọ ohun tí ń ṣe é títí di àṣálẹ́.

Ìtàn ìbọ̀wọ́ rọ́bà gbè mí lẹ́yìn nínú ohun tí mò ń sọ. Ní nǹkan bí 1889 sí 1890, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, nọ́ọ̀sì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Caroline Hampton. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ ọwọ́ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ ń bó o lọ́wọ́, awọ rẹ̀ ń pọ́n, ó ń sán. Dókítà William Halsted ní kí ilé iṣẹ́ Goodyear ṣe ìbọ̀wọ́ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún un. Kì í ṣe nítorí aláìsàn ni ìbọ̀wọ́ yìí fi bẹ̀rẹ̀. Nítorí kí oògùn má baà jẹ ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó yẹ kí a fiyè sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, kí ìbọ̀wọ́ tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tó gbòde, ilé ìwòsàn a máa fọ ìbọ̀wọ́, wọn a sè é, wọn a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti lu, wọn a lẹ ojú ibi tí ó lu, wọn a sì tún un lò. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn nìyẹn, a sì ń sanwó fún wọn. Ìbọ̀wọ́ kò dá wà rí; òun àti ìtọ́jú ni wọ́n jọ ń rìn. Nígbà tí ó dé oko wa, ìbọ̀wọ́ nìkan ni ó dé, ìtọ́jú kò bá a wá. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń ta oògùn oko, ó wà lórí ìwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, ẹni tí ó tà á kò sì sọ ohun tí a ó ṣe lẹ́yìn tí a bá lò ó tán.

Ohun tí a ó ṣe náà kò le. Kí a tó bọ́ ìbọ̀wọ́ ni a ó ti fọ̀ ọ́. Àwọn àgbà wa ní ọ̀tún ní ń wẹ òsì, òsì ní ń wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́; bí a ṣe ń fọ ìbọ̀wọ́ gan-an nìyẹn. Ẹnìkan yóò da omi láti inú kẹ́ẹ̀gì, ẹni tí ó wọ ìbọ̀wọ́ yóò fi ọṣẹ fọ àtẹ́lẹwọ́, àárín ìka, ẹ̀yìn ọwọ́, títí dé ọrùn rẹ̀, yóò sì ṣan án. Orí ilẹ̀ tí a ti fín oògùn sí ni omi náà yóò dà sí, kì í ṣe etí kànga, kì í sì í ṣe etí odò Olúwa tàbí odò kékeré kankan tí ó ń ṣàn lọ bá a. Lẹ́yìn èyí, a óò máa fa ìka ìbọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, tọ̀tún díẹ̀, tòsì díẹ̀, títí wọn yóò fi bọ́ láìjẹ́ pé ọwọ́ lásán kan ìta wọn. A óò fi ọṣẹ fọ ọwọ́ fúnra rẹ̀. A óò rọ omi kún inú ìbọ̀wọ́, a óò di ọrùn rẹ̀ mú, a óò fún un: bí omi bá tú jáde níbì kan, bí ó ti wù kí ihò náà kéré tó, ìbọ̀wọ́ oògùn ti kú nìyẹn, kí a gé e yánnayànna kí ẹlòmíràn má baà ṣà á lò. Bí kò bá lu, a óò yí inú rẹ̀ síta, a óò fi ọṣẹ àti omi mìíràn fọ̀ ọ́, a óò sì fi í kọ́ sí ibi òjìji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Oòrùn líle máa ń mú rọ́bà gan, a sì máa jẹ́ kí ó sán. A kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ ilé, a kò sì gbọdọ̀ fi abọ́ ìdáná fọ̀ ọ́.

Ní ilẹ̀ ọ̀pẹ, ohun kan tún wà tí ìlú mìíràn lè má kà sí. Epo pupa àti rọ́bà igi kì í ṣe ọ̀rẹ́. Bí epo bá pẹ́ lára ìbọ̀wọ́ tí a fi rọ́bà igi ṣe, rọ́bà náà yóò wú, yóò rọ̀, yóò sì máa ya. Kẹrosíìnì àti bẹntiróòlù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ àwọn kan ń fi wọ́n nu ìbọ̀wọ́ nítorí pé wọ́n ń tètè ṣí epo. Ọṣẹ ni kí a lò. Ọṣẹ dúdú tí a fi àdín àti eérú ṣe tó iṣẹ́ náà ṣe, ọṣẹ ìfọṣọ inú ọ̀rá sì tó. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ epo àti oògùn pọ̀, kí ó béèrè fún ìbọ̀wọ́ tí a fi rọ́bà àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní nitrile ṣe, nítorí ó ń bá epo fara dà ju rọ́bà igi lọ. Ìbọ̀wọ́ òwú àti ti awọ, ti ẹ̀gún ni kí a fi wọ́n ṣe, kí wọ́n má ṣe dé ibi oògùn láéláé. Òwú ń fa oògùn mu, awọ ń fà á mu, kò sì sí fífọ̀ tí yóò mú un kúrò tán. Òfin Amẹ́ríkà lórí oògùn oko kò gbà pé kí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ awọ tàbí òwú lásán dáàbò bo ọwọ́ níbi tí oògùn ti béèrè fún ìbọ̀wọ́ tí kì í mu nǹkan. Ìtọ́jú ìbọ̀wọ́ ẹ̀gún náà yàtọ̀: kí a gbọn ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù, kí a wo ojú rẹ̀ láti fa ẹ̀gún tí ó kán sí i yọ, kí a fọ ti òwú, kí a nu ti awọ, kí a sì sá wọn sí òjìji. Ẹ̀gún tí ó kù sínú ìbọ̀wọ́ lónìí ni yóò gún ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ lọ́la.

Mo mọ ohun tí àwọn ènìyàn yóò sọ. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn baba wa kò wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n sì dàgbà, wọ́n gbó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀, ìrì àti ẹ̀gún ni ọwọ́ wọn ń bá pàdé. Kì í ṣe ohun tí a pò láti pa ohun alààyè. Ẹni tí ó bá sì gbẹ́kẹ̀ lé awọ líle àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kí ó rántí pé àtẹ́lẹwọ́ ni awọ ọwọ́ ti nípọn jù, síbẹ̀ 12 nínú 100 ṣì gba ibẹ̀ wọlé nínú ìwádìí 1971. Èkejì ni pé ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí a di àdá mú dáadáa. Èyí náà jẹ́ òótọ́, mi ò sì sọ pé kí akọpẹ tí ó gbé igbà kọ́ ara ọ̀pẹ wọ ohun tí yóò mú ọwọ́ rẹ̀ yọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìbọ̀wọ́ tirẹ̀, iṣẹ́ mìíràn sì wà tí ọwọ́ lásán tọ́ sí. Àmọ́ ohun tí ń mú ìbọ̀wọ́ yọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni epo tí ó gbẹ mọ́ ọn, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọṣẹ àti omi. Ẹ̀kẹta ni pé omi kò sí lóko. Táǹkì kan ń gba líta 15 tàbí 16, ẹni tí yóò sì fín oògùn ń ru omi tí yóò pò ó lọ sóko ní ìgbà mélòó kan lójúmọ́. Ẹni tí ó rí omi tí yóò pa koríko, kí ni yóò dí i lọ́wọ́ láti ṣẹ́ líta kan tàbí méjì kù fún ọwọ́ ara rẹ̀? Ẹ̀kẹrin ni pé ìbọ̀wọ́ kò wọ́n, kí a kàn ra òmíràn. Bí ó bá jẹ́ ti fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ilé ìwòsàn, lóòótọ́, ìlò ẹ̀ẹ̀kan ni, kò sì tó fún oògùn tí a kò tíì bomi lù. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ tuntun ń dọ̀tí láàárọ̀ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lò ó. Kíkó owó jáde ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ kò lè fọ oògùn tí ó wà lára rẹ̀ ní ọ̀sán òní.

Àtakò tí ó lágbára jù ni èyí: bí ìbọ̀wọ́ tí a kò fọ̀ bá burú tó bẹ́ẹ̀, tí ọ̀pọ̀ kò sì ní í fọ̀ ọ́, ṣé kò sàn kí a fi í sílẹ̀, tàbí kí a tilẹ̀ fi oògùn sílẹ̀ pátápátá? Mo gba apá kan nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ààbò lẹ́nu iṣẹ́ fúnra wọn ń kọ́ni pé ohun tí a wọ̀ sára ni ó yẹ kó kẹ́yìn nínú ètò ààbò. Kí a kọ́kọ́ mú ewu náà kúrò, tàbí kí a fi èyí tí ó rọjú dípò rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá lè fi ewéko ìbolẹ̀ tàbí àdá kápá koríko abẹ́ ọ̀pẹ rẹ̀ ti ṣe ohun tí ó dára ju ìbọ̀wọ́ èyíkéyìí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò po oògùn lọ́la, tí yóò ṣí ìdérí rẹ̀, tí ojúlówó oògùn tí a kò tíì bomi lù yóò sì ta sí lọ́wọ́, kò lè dúró de ọjọ́ tí oògùn yóò tán nílẹ̀ yìí. Fún un, àṣàyàn kì í ṣe láàárín ìbọ̀wọ́ ẹlẹ́gbin àti ọwọ́ lásán. Ẹ̀kẹta wà, òun ni ìbọ̀wọ́ tí ó mọ́, iye rẹ̀ kò sì ju omi díẹ̀, ọṣẹ díẹ̀ àti ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Ta ni yóò san owó ìṣẹ́jú náà? Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti kan olóko. Alágbàṣe tí a gba iṣẹ́ fún ní iye táǹkì yóò sáré fín táǹkì, kò sí ohun tí ó ń rí gbà lórí ìbọ̀wọ́ tí ó fọ̀. Bí ó bá dé ilé, ìyàwó ni yóò bá a kó aṣọ oko àti ìbọ̀wọ́ sínú abọ́, obìnrin tí kò fín oògùn yóò sì wá fi ọwọ́ lásán gba ìpín rẹ̀. Àdéhùn àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé ILO ti ọdún 1981, nọ́ńbà 155, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1994, sọ pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ náwó kankan lórí ètò ààbò ẹnu iṣẹ́. Ohun tí àdéhùn náà béèrè kò ju agbára olóko kékeré ní Ìlútìtun tàbí Òde-Ìrèlè lọ. Kí ó ra ìbọ̀wọ́ tí ó yẹ, kí ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan àti ọṣẹ sí etí oko, kí ó sì ti sọ nígbà ìdúnàádúrà pé iṣẹ́ parí nígbà tí ìbọ̀wọ́ bá mọ́, kì í ṣe nígbà tí táǹkì bá gbẹ. Kí àwọn tí ń ta oògùn máa sọ ọ́ fún oníbàárà bí wọ́n ṣe ń sọ ìwọ̀n oògùn tí a ó pò mọ́ omi. Kí àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ fi í sí ẹ̀kọ́ wọn. Ọwọ́ tí ń kọ ẹyìn, tí ń fún ẹ̀gẹ́, ni gbogbo ọrọ̀ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ti ń wá, bí a bá sì lè san owó ìtọ́jú táǹkì, kò sí àlàyé tí ó tọ̀nà fún àìsan ti ọwọ́.